Àwòrán Abọ́ Tó Mọ́ Fónífóní

Ẹ má tíì bọ́ bàtà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná, ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí mo bá wà nílé lọ́sàn-án Ọjọ́rú, tí mo jókòó sórí àga tí ẹ̀yin máa ń jókòó lé, ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́, ẹ káàsán. Mo ti kí yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìtàn dá mi lóhùn. Ta ló ń jẹ oúnjẹ ọmọ mi?

Ẹ má wo ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan nílẹ̀, mo ti gbá a láàárọ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ wò. Ta ló ń jẹ ẹ́?

Ẹ má pè é, ẹ má ní kó wá bá yín sọ ọ́. Ó wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ, mo sì fẹ́ kó gbọ́. Òun ló sọ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí ẹ̀yin àgbà ò rí sọ láti ọ̀sẹ̀ méje.

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ fi ń fi àwòrán abọ́ ránṣẹ́ sí mi. Abọ́ kún, abọ́ ṣófo. Ẹ̀ ń yà á kó tó jẹ, ẹ̀ ń yà á lẹ́yìn tó jẹ, ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí èmi, ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì orí fóònù, ẹ wá ń kọ ọ́ sábẹ̀ pé “Ó jẹ ẹ́ tán, ọpẹ́ ni.” Ọpẹ́ wo? Ikùn ta ló ń dúpẹ́?

Ẹ mọ bí ibi iṣẹ́ wa ṣe rí, ẹ ti wá síbẹ̀ rí. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù dé ìdí ẹ̀rọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń wà láti àárọ̀, èmi á wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn, èmi lápá kan, obìnrin tí à ń jọ ká aṣọ lápá kejì, ooru á máa nà wá lójú, aṣọ funfun á máa jáde bí ẹni pé kò ní tán láyé, àmọ́ orí mi ò sí lára aṣọ, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ló wà. Mo ti ń wò ó lọ́kàn mi pé ní báyìí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bu oúnjẹ, ní báyìí wọ́n ti jókòó tì í, ní báyìí ó ti ń sunkún, ní báyìí wọ́n ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Tí agogo ìsinmi bá dún, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á lọ mumi, èmi á sáré lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Màá ṣí fóònù. Màá rí abọ́. Màá fi han obìnrin yẹn, màá ní wò ó, ó mọ́ fónífóní, òun náà á ní ó mọ́ o, Ọlọ́run ṣeun. Lọ́jọ́ kan mo fẹnu ko fóònù. Ẹ jẹ́ n tún un sọ kó yé yín. Mo fẹnu ko àwòrán abọ́ tí ẹ̀yin lá.

Ẹ ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó. Àga wà lọ́hùn-ún, ẹ jókòó. Èyí tí mo wà lórí ẹ̀ yìí, mi ò dìde ńbẹ̀.

Ṣebí ẹ wà níbí lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ pè wá? Àbí mo lá àlá ni? Orí tábìlì yìí náà ni a gbé fóònù sí, a gbé e ti agolo mílíìkì, èmi lápá ọ̀tún, ẹ̀yin lápá òsì, ọmọ láàárín, ó dorí kodò, ojú nọ́ọ̀sì nínú fóònù ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀dì ò sí, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú irú àìsàn yìí jìnnà, ó sì kún, pé ilé la ti máa tọ́jú ẹ̀, òun á máa tì wá lẹ́yìn látorí fóònù. Ó ní kì í ṣe agídí. Ó ní kì í ṣe àṣà tó rí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó ní àìsàn ni, àìsàn tó jókòó sí i létí tó ń sọ fún un látàárọ̀ ṣúlẹ̀ pé tó bá jẹun, ayé ẹ̀ bàjẹ́. Ó ní oúnjẹ gan-an ni oògùn ẹ̀, ká bù ú bó ṣe yẹ, ká jókòó tì í títí á fi tán, ká tún jókòó tì í fún wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní á bẹ̀ wá. Á sunkún, á bú wa, á ní inú ń run òun, á ní ẹ gba ìdajì kúrò, ẹ gba ṣíbí kan kúrò, nọ́ọ̀sì ní ká má bá a ná an bí ẹni ń nájà, ká má sì lọgun mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ kàn sọ fún un jẹ́jẹ́ pé rárá, mo wà níbí pẹ̀lú ẹ, jẹun.

Ta ló dáhùn? Èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì, ó yé mi dáadáa.” Ẹ tún mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi tí wọ́n yọ kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹrin, èmi tó jẹ́ pé ara ìwé pélébé tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn aṣọ ni mo ti fi ara mi kọ́ ìwé kíkà, má fi omi gbígbóná fọ èyí, má fún èyí, èmi ni mo ra ìwé eléèpo pupa, tí mò ń kọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ síbẹ̀. Ó ti kún. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé jáde ò kọ nǹkan kan, mo rò pé torí pé ó ti wà lórí yín ni.

Mo sì fọkàn tán yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ láti àárọ̀ tí kò jáde. Mo fọkàn tán yín ju bí mo ṣe fọkàn tán ara mi lọ. Èmi a máa bínú, ẹ mọ̀. Láàárọ̀ tí mo bá jókòó tì í, tó ń fi ṣíbí ya ẹyin sí wẹ́wẹ́, tó ń ti búrẹ́dì lọ ti búrẹ́dì bọ̀, tí aago iṣẹ́ ń lọ, mo máa ń di ọwọ́ mi méjèèjì mú lábẹ́ tábìlì kí n má bàa lọgun. Ó máa ń jẹ ẹ́. Ó máa ń pẹ́, àmọ́ ó máa ń jẹ ẹ́. Nírọ̀lẹ́ bákan náà. Ọ̀sán nìkan ni mo fi lé yín lọ́wọ́, ọ̀sán tó jẹ́ pé oúnjẹ ẹ̀ ló pọ̀ jù, torí mo sọ nínú ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu dídùn, ọmọ yìí sì fẹ́ràn wọn, tó bá rí wọn á ní Màmá Ńlá mi dé, àwọn náà á ní ìyá mi kékeré.

Ìyá yín kékeré. Ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe ṣe ìyá yín.

Ẹ má sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sunkún, mi ò tíì débẹ̀.

Ẹ mọ ìpè Ọjọ́rú, aago mẹ́rin, tí nọ́ọ̀sì ń pe gbogbo àwa òbí pọ̀ lórí fóònù? Ọ̀gá wa fún mi láyè ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, inú yàrá tí à ń kó aṣọ mímọ́ sí ni mo máa ń wọ̀, màá jókòó sórí òkìtì aṣọ ìnura, màá ti ilẹ̀kùn. A ò mọ ojú ara wa. A kì í dárúkọ, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe la fi ń pè é. Ìyá Tíṣà ń bẹ ńbẹ̀, Bàbá Onílọ́rì ń bẹ ńbẹ̀, èmi ni Ìyá Alágbàfọ̀. Bàbá Onílọ́rì yìí, ọmọkùnrin ni tiẹ̀, àìsàn kan náà, ìyàwó ẹ̀ ti kú. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin yìí sunkún lórí fóònù. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó gùn tó ilé yìí lọ́nà méjì, ó ń fa imú bí ọmọ ìkókó, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ò ṣe tó. Èmi ni mo la ẹnu. Mo ní Bàbá Onílọ́rì, ẹ má mikàn, ẹ wá ẹni tí ọmọ yín fẹ́ràn, kó máa bá yín jókòó tì í, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ̀yin nìkan á máa ṣe. Mo fi yín ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọwọ́ ẹ̀ lọ́mọ mi ti ń jẹun, abọ́ ń mọ́ lójoojúmọ́. Ìyá Tíṣà ní áà, irú ẹ̀gbọ́n báyìí. Nọ́ọ̀sì náà yìn yín. Wọ́n ní kí n bá wọn kí yín.

Ṣé mi ò kí yín? Mo délé, mo ní àwọn òbí orí fóònù ní kí n kí yín, ẹ sì ní, “Ẹ ṣeun o, bá mi kí wọn padà.” Ẹ jẹ́ ìkíni yẹn. Ìrẹsì ọmọ mi ṣì wà láàárín eyín yín, ẹ̀ ń jẹ́ ìkíni.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bọ́ sórí ìpè yẹn ní aago mẹ́rin òní? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Bàbá Onílọ́rì? Ó ti mú ìyá ìyàwó ẹ̀ wá sílé torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n parí, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méje, àwòrán lẹ fi ń sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ la máa ń gbé e lọ wọ̀n ní kílíníìkì ìsàlẹ̀. Á kẹ̀yìn sí ìwọ̀n kó má bàa rí iye tó jẹ́, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gòkè díẹ̀. Ìkejì, ó dúró. Ìkẹta, ó dúró. Láti ìkẹrin ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì pè mí, ó ní Ìyá Alágbàfọ̀, mo rí àwọn àwòrán, oúnjẹ ń wọlé, àmọ́ kò hàn lára ẹ̀, ó jọ pé ó ń bì í. Ó ní kí n máa fojú sí i. Kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Ẹ wà níbẹ̀, ẹ rí ohun tí mo ṣe. Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wọ ilé ìwẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn kó má pa dé. Mò ń gbóòórùn ẹnu ẹ̀. Mò ń wo inú ihò omi. Ó ní màmá, mi ò bì, mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mi ò bì í. Mo ní irọ́ lò ń pa. Mo pè é ní òpùrọ́ lójú yín, nínú pálọ̀ yìí, ẹ̀yin jókòó síbi tí fèrèsé wà yẹn, ẹ̀ ń tẹ fóònù. Ẹ gbójú sókè, ẹ ní, “Rọra, ọmọdé ni.”

Ẹ ní kí n rọra.

Ọmọ yẹn wò yín. Mo rántí báyìí, lọ́jọ́ yẹn mi ò kà á sí. Ó wò yín pẹ́, ó ń retí kẹ́ ẹ sọ nǹkan. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé òtítọ́ ló ń sọ nílé yìí. Ẹ padà sídìí fóònù yín. Tẹ́ ẹ bá gbá mi létí lọ́jọ́ yẹn, ìbá sàn fún mi.

Háà, ẹ jẹ́ n tún rántí ti síkẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ rò pé màá gbàgbé síkẹ́ẹ̀tì? Ẹ gbé síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún mi, ẹ ní ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa ti mú kí aṣọ yín súnkì. Súnkì, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí aṣọ, kò sí aṣọ kan tó súnkì lọ́wọ́ mi rí, àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mo gbà. Mo bẹ̀ yín. Mo bá obìnrin tí à ń jọ ṣiṣẹ́ jà pé òun ló ki omi gbígbóná bọ̀ ọ́, ọjọ́ méjì gbáko la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ àti omi tútù fọ̀ wọ́n, mo sá wọn síbòji, mo fi ọwọ́ fa ìbàdí wọn bí ẹni ń fa rọ́bà. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ ní ó ṣì ń fún yín. Mo tún ní ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín, kí ló kù? Oúnjẹ ọmọ mi ló mú yín sanra tí aṣọ fi fún mọ́ yín lára, mo wá ń bá ẹ̀rọ jẹ́jọ́.

Ó dáa. Mo ti rẹ́rìn-ín tán.

Nírọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn oúnjẹ, ó wọ ilé ìwẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Kò lé mi. Ó jókòó sórí korobá omi tó dojú dé, ó kó ọwọ́ sáàárín itan, eegun èjìká ẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ bí ìkọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ. Ó ní màmá, ẹ yé ṣọ́ mi, mi ò bì í, mi ò jẹ ẹ́ ni. Mo ní báwo lo ò ṣe jẹ ẹ́, mo rí abọ́. Ó ní abọ́ ò sọ ẹni tó jẹ ẹ́. Mo ní ta ló jẹ ẹ́? Mo ní ṣé fèrèsé lò ń dà á gbà ni? Ó mi orí. Ó wá ní Màmá Ńlá ni.

Ẹ mọ ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe? Mo ní irọ́ lò ń pa mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbè yín. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tí mo ti tú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, mo gbè yín.

Ó wá ní, ẹ fetí sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò fi kún un. Ó ní, “Mo máa ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣíbí mẹ́ta ni, ó wá di ìdajì, ó wá di gbogbo ẹ̀. Tí mo bá ń bẹ̀ wọ́n, ẹnu mi ló ń bẹ̀ wọ́n, inú mi ń retí kí wọ́n sọ pé rárá. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí ẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ rí.” Ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí, màmá. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́? Àìsàn yẹn jókòó sí i létí, ó ń pàṣẹ fún un, ọmọ yẹn na ọwọ́ sí yín kẹ́ ẹ fà á jáde, ẹ̀yin bọ́ sábẹ́ àṣẹ àìsàn náà. Àìsàn yẹn gbà yín síṣẹ́, ẹ sì ń ṣiṣẹ́ fún un dáadáa, ẹ kì í pẹ́ lẹ́yìn, ẹ kì í gba ìsinmi, ẹ tún ń fi àwòrán ránṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní àánú ló ṣe yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ ò lè máa wo omijé ẹ̀. Mo mọ̀.

Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ ni? Èmi ló yẹ kí n tètè mọ̀ ọ́n. Ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa, lẹ́yìn tí màmá wa kú. Èmi ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀yin mẹ́wàá. Obìnrin yẹn á bu oúnjẹ, á dúró lé wa lórí pẹ̀lú ìgbakọ, ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, ìgbakọ yẹn lórí oríkèé ọwọ́. Èmi ò lè jẹun nígbà yẹn. Màmá mi ni mò ń fẹ́, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Tí obìnrin yẹn bá ti yíjú sídìí iná, ẹ̀yin á fa abọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹnu yín á kún, ojú yín á ṣomi, ẹ ò ní lè mí, ẹ ó sì ti abọ́ òfìfo padà síwájú mi. Wọn ò nà mí rí. Ẹ̀yin ni wọ́n ń nà, wọ́n ní ẹ̀ ń yára jẹun bí ajá.

Mi ò gbàgbé. Mo fi ọmọ yìí búra, mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi gbé e lé yín lọ́wọ́.

Àmọ́ ta ló mú ìgbakọ nílé yìí? Ẹ dá mi lóhùn. Mi ò na ọmọ yìí rí. Ta lẹ̀ ń pa á mọ́ fún? Ta ló yíjú sídìí iná tẹ́ ẹ fi ń yára jẹ ẹ́? Èmi ni. Èmi lẹ sọ di obìnrin yẹn. Ẹ jókòó lórí tábìlì mi, ẹ wo ọmọ mi lójú, ẹ sọ fún un láìla ẹnu pé ìyá ẹ lọ̀tá, jẹ́ ká sá fún un. Gbogbo èyí tó kù, mo lè fọ̀ ọ́, mo lè sá a. Èyí ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Àbúrò yín ni mí. Kò sẹ́lòmíì tí mo ní, ẹ sì mọ̀.

Níbo lẹ̀ ń lọ? Ẹ gbé báàgì yẹn kalẹ̀. Mi ò lé yín.

Mo fẹ́ lé yín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́nu, màá ní kẹ́ ẹ má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Mo sọ fún ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀, mo ní Màmá Ńlá ẹ ò ní wá mọ́. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní rárá, kí wọ́n máa bọ̀. Ó ní, “Kí wọ́n kàn má gbà fún mi mọ́.” Ó wọ yàrá lọ.

Torí náà ẹ gbọ́ bó ṣe máa rí. Ọ̀sán òní nìkan ni ọ̀gá wa fún mi. Lọ́la màá wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ máa wà níbí, ẹ̀yin náà ni lọ́túnla. Ọjọ́bọ̀ méjì ni dókítà kílíníìkì ìsàlẹ̀ fún wa. Ó ní ọkàn ẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìwọ̀n ò bá gòkè ní Ọjọ́bọ̀ méjì, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá yẹn, ìrìn wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n á jẹ́ kí n rí i. Ẹ fi oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méje ṣòfò, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún wa.

Mo ti pe nọ́ọ̀sì láàárọ̀. Mi ò sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá ẹ sọ, kó pè wá ní ọ̀sán yìí, kó rí ojú wa. Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún un, láti ṣíbí mẹ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ dé abọ́ àná, ọmọ yẹn á wà níbẹ̀, á gbọ́. Tó bá di aago mẹ́rin, ẹ̀yin àti èmi la jọ máa wà lórí ìpè àwọn òbí, ẹ̀yin lẹ máa bá Bàbá Onílọ́rì sọ̀rọ̀.

Ìkòkò wà lórí iná. Mo ti bù ú sí abọ́ méjì, tiyín ni èyí, tiẹ̀ ni èyí. Tiyín lẹ máa jẹ. Ẹ fa àga súnmọ́bí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn, ibí tí fóònù á ti rí ọwọ́ yín. Ẹ gbé ọwọ́ lé orí tábìlì. Ẹ nu ojú yín, kò gbọdọ̀ bá yín pẹ̀lú omijé, á rò pé òun ló fà á.

Ó máa bẹ̀ yín. Ó máa pè yín ní Màmá Ńlá, ó máa wò yín bí màmá wa ṣe máa ń woni. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Ẹ sọ ọ́ fún mi ná kí n tó pè é. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí, ohunkóhun tí mo bá bẹ̀ yín fún lẹ̀ ń fún mi, torí náà mi ò mọ bó ṣe ń dún lẹ́nu yín. Ẹ sọ pé rárá.

Mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ.